Independence Day: Bí fíìmù ogun ojú ọ̀run ṣe rìn jìnnà nínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò

Páálí kan wà nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ìparí ọdún 1996 tó ń dá oníbàárà dúró. Bí èèyàn bá mú un dání, yóò rí White House, ilé tí Ààrẹ Amẹ́ríkà ń gbé, tó dúró digbí. Bó bá yí páálí náà díẹ̀, ilé náà á gbiná, á sì fọ́ yángá. Bó bá tún dá a padà sí bó ṣe wà, ilé náà á tún dúró bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é rí.

Kásẹ́ẹ̀tì fídíò fíìmù Independence Day ló wà nínú páálí yẹn. Ọjọ́ 22, oṣù Kọkànlá, ọdún 1996 ni iléeṣẹ́ 20th Century Fox gbé e síta fún títà, oṣù mẹ́rin ó lé díẹ̀ lẹ́yìn tí fíìmù náà kọ́kọ́ bọ́ sí sinimá. Ẹ̀dà tí wọ́n tà ní Àríwá Amẹ́ríkà nìkan lé ní mílíọ̀nù 20.

Fíìmù tí wọ́n ṣe kó lè kún ògiri sinimá láti òkè délẹ̀ ni, ṣùgbọ́n inú pálọ̀, lójú tẹlifíṣàn kékeré, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti wò ó. Ní Nàìjíríà àti Ghana lásìkò yẹn, kásẹ́ẹ̀tì gan-an ni sinimá. Bí irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀nà tí iléeṣẹ́ Fox là sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀nà náà ló padà di ti Nollywood, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀gún tó wà lórí rẹ̀.

Ilé kékeré tí wọ́n fi àdó olóró fọ́

Ìtàn inú fíìmù náà kò le. Àwọn ọkọ̀ òfurufú ràgàjì láti ayé mìíràn wá dúró lórí àwọn ìlú ńláńlá ayé. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́, títí tí wọ́n fi ṣí iná sílẹ̀, tí àwọn ìlú náà sì di eérú. Ọjọ́ 4 oṣù Keje, tí í ṣe àyájọ́ òmìnira Amẹ́ríkà, ni ọmọ aráyé gbẹ̀san. Will Smith ṣe awakọ̀ òfurufú ológun, Jeff Goldblum ṣe ẹni tó mọ tinú-tòde kọ̀ǹpútà, Bill Pullman sì ṣe ààrẹ tó gun bààlúù ogun fúnra rẹ̀.

Ọmọ ilẹ̀ Jámánì ni olùdarí fíìmù náà, Roland Emmerich. Òun àti Dean Devlin ni wọ́n jọ kọ ìtàn rẹ̀. Wọn ò fi bò pé àwọn jẹ gbèsè òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kan, H.G. Wells, tó ti kọ ìwé nípa irú ogun báyìí jáde lọ́dún 1898. Nínú ìwé ti Wells, kòkòrò àrùn tí ojú ò rí ló pa àwọn àjèjì náà. Ní 1996, fáírọ́ọ̀sì inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́, àmọ́ wọ́n yọwọ́ nígbà tí àwọn tó ń ṣe fíìmù náà kọ̀ láti yọ Area 51 kúrò nínú ìtàn. Area 51 ni ibùdó ológun inú aṣálẹ̀ Nevada tí àwọn kan gbà pé ìjọba fi ọkọ̀ àwọn ará òfurufú pamọ́ sí.

Mílíọ̀nù 75 dọ́là ni wọ́n ná lé e lórí. Owó ńlá nìyẹn nígbà náà, síbẹ̀ ọgbọ́n ọwọ́ ló pọ̀ nínú rẹ̀ ju kọ̀ǹpútà lọ. White House tó fọ́ yẹn, ilé kékeré kan ni tí wọ́n mọ, gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 10. Ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi ṣètò bí wọ́n ṣe máa fọ́ ọ, nǹkan bíi 40 àdó olóró kéékèèké ni wọ́n sì tò sínú rẹ̀. Bí iná ṣe ń sáré gba àárín títì kọjá tó ń gbé mọ́tò sókè, ọgbọ́n àgbà ni. Iná kì í sáré lọ sí ẹ̀gbẹ́, òkè ló máa ń gùn. Nítorí náà, wọ́n gbé títì kékeré tí wọ́n mọ nàró bí àkàbà, wọ́n gbé kámẹ́rà sókè kó máa wo ìsàlẹ̀, wọ́n wá dáná sí ìdí rẹ̀. Iná náà gun òkè, àmọ́ lójú òǹwòran, ńṣe ló ń bọ̀ wá bá a. Iṣẹ́ yìí ló gba ẹ̀bùn Oscar fún ọgbọ́n àrà ojú àwòrán.

Oṣù Kíní ọdún náà ni wọ́n ti fi ìran ilé tó ń fọ́ yìí ṣe ìpolówó lásìkò Super Bowl, ìdíje bọ́ọ̀lù tí ará Amẹ́ríkà ń wò jù lọ. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo èèyàn ti ń béèrè ìgbà tí fíìmù náà máa jáde. Nígbà tí wọ́n fi máa kó o kúrò ní sinimá, ó ti pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 817 dọ́là káàkiri ayé. Kò sí fíìmù tó pa tó o lọ́dún yẹn.

Ẹ̀rọ tí Hollywood gbé lọ sílé ẹjọ́

Èèyàn lè rò pé inú àwọn oníṣòwò fíìmù Amẹ́ríkà ti ń dùn sí kásẹ́ẹ̀tì láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀tá wọn ni wọ́n kà á sí.

Ọdún 1975 ni iléeṣẹ́ Sony ti Japan gbé ẹ̀rọ Betamax jáde. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni JVC, tí òun náà jẹ́ ti Japan, gbé VHS tirẹ̀ dé, VHS yìí ló sì borí nígbẹ̀yìn. Ohun tó bí Hollywood nínú ni pé ẹ̀rọ náà lè gba fíìmù sílẹ̀ láti ara tẹlifíṣàn, kí onílé máa wò ó nígbà tó bá wù ú. Universal àti Disney pe Sony lẹ́jọ́ lọ́dún 1976. Wọ́n fa ẹjọ́ náà títí ó fi dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, níbi tí adájọ́ márùn-ún ti dúró ti Sony tí mẹ́rin sì lòdì, ní ọjọ́ 17 oṣù Kíní ọdún 1984. Wọ́n ní kì í ṣe olè kí èèyàn gba ètò orí tẹlifíṣàn sílẹ̀ láti wò ó lẹ́yìn náà nínú ilé rẹ̀.

Ká ní adájọ́ kan ṣoṣo nínú márùn-ún yẹn yí ọkàn padà, bóyá ọ̀rọ̀ kò ní rí báyìí. Ohun tí àwọn oníṣòwò náà fẹ́ kí òfin pa ló wá ń bọ́ wọn. Kó tó di ìparí àwọn ọdún 1980, owó tó ń wọlé fún wọn láti orí fídíò ti ju ti sinimá lọ ní Amẹ́ríkà.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà tà á. Èkíní, wọ́n á ta kásẹ́ẹ̀tì kan ní nǹkan bíi 80 dọ́là fún àwọn tó ń fi fídíò háyà, àwọn yẹn á sì máa fi háyà lójoojúmọ́ títí owó wọn á fi padà. Ìkejì ni kí wọ́n já iye rẹ̀ wálẹ̀ kí ará ilé lè rà á fúnra rẹ̀. Fíìmù àjèjì òfurufú mìíràn, E.T., èyí tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ọmọdé ní tirẹ̀ tí kò bá ẹnikẹ́ni jà, wà lára àwọn tó la ọ̀nà kejì yìí. Ọdún 1982 ló jáde ní sinimá, àmọ́ Steven Spielberg kò jẹ́ kó di fídíò títí di 1988. Nígbà tó jáde, wọ́n fi ike àwọ̀ ewé sára kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kí olùrà lè fi mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú.

Ọ̀nà kejì yìí ni Independence Day náà gbà. Oṣù Kọkànlá tí wọ́n yàn kì í ṣe èèṣì: Kérésìmesì ti ń kanlẹ̀kùn, àwọn òbí sì ń wá ẹ̀bùn tí wọ́n máa fún ọmọ. Páálí tó ń fọ́ ilé Ààrẹ, tó tún ń tún un kọ́, wá bọ́ sákòókò.

Ohun tí kásẹ́ẹ̀tì ń gé kúrò

Àmọ́ fíìmù tó wọlé kọ́ ni gbogbo fíìmù tó wà ní sinimá. Àwòrán sinimá fẹ̀ ju gíga rẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì àti díẹ̀. Tẹlifíṣàn ìgbà yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ onígun mẹ́rin ọgbọọgba. Kí àwòrán tó lè kún ojú rẹ̀, wọ́n ní láti gé ẹ̀gbẹ́ àwòrán náà kúrò, kí ẹnì kan sì jókòó máa yan apá tí òǹwòran máa rí. Ọkọ̀ òfurufú tí wọ́n ní ó fẹ̀ tó máìlì 15 wá di ohun tó ń yọ díẹ̀díẹ̀ ní igun tẹlifíṣàn. Àwọn tó bínú sí èyí lè ra ẹ̀dà tí wọn ò gé, àmọ́ okùn dúdú máa wà lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀, ọ̀pọ̀ oníbàárà sì rò pé ńṣe ni wọ́n rẹ́ àwọn jẹ.

Kò sẹ́ni tó fi bẹ́ẹ̀ ṣàròyé nípa èyí ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ohun tó ń bà wọ́n lójú jẹ́ níbẹ̀ ju gígé lọ.

Kano, Dubai àti ọ̀rọ̀ tó ń sáré nísàlẹ̀ àwòrán

Kó tó di ìgbà kásẹ́ẹ̀tì, àwọn iléeṣẹ́ fíìmù Amẹ́ríkà máa ń kó fíìmù wọn wá sí àwọn sinimá Nàìjíríà. Lẹ́yìn náà ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò tó fẹ́ kí èrè òwò inú ìlú bọ́ sọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀, ìjà sì dé lórí owó fíìmù. Lọ́dún 1981, ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ fíìmù Amẹ́ríkà tó ń ta fíìmù sókè òkun dáwọ́ dúró, wọ́n ní àwọn ò kó fíìmù wá sí Nàìjíríà mọ́.

Wọ́n lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n fíìmù wọn ò lọ.

Brian Larkin, onímọ̀ nípa àṣà àwùjọ tó ṣe ìwádìí ní Kano láàárín àwọn ọdún 1990, ṣàlàyé bí òwò náà ṣe ń lọ. Wọ́n á da fíìmù kọ ní Amẹ́ríkà, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí Dubai tàbí Beirut, ibẹ̀ ló máa gbà dé Kano. Nígbà míì, fíìmù náà á ti dé ọjà nígbà tó ṣì wà ní sinimá ní Amẹ́ríkà. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ Lárúbáwá nísàlẹ̀ nítorí ọ̀nà tí wọ́n gbà. Àwọn mìíràn ní ìkìlọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì tó ń sáré gba ìsàlẹ̀ àwòrán kọjá, tó ń sọ pé kásẹ́ẹ̀tì ìfihàn lásán ni, kì í ṣe fún títà tàbí háyà. Ẹni tó ti fi owó rẹ̀ háyà á sì jókòó máa ka ìkìlọ̀ náà títí fíìmù fi parí.

Àwọn ará Kano ò wo fíìmù Amẹ́ríkà nìkan. Fíìmù Íńdíà ni ààyò ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọ̀nà kan náà ni òun náà sì ń gbà wọlé. Ọjà Kòfar Wambai ni àwọn oníkásẹ́ẹ̀tì pọ̀ sí, láti ibẹ̀ ni ọjà wọn sì ti ń lọ káàkiri Àríwá.

Iṣẹ́ àdàkọ gba sùúrù. Wọ́n á so ẹ̀rọ fídíò méjì pọ̀, ọ̀kan á máa ṣeré, èkejì á máa gbà á sílẹ̀. Kò sí ọ̀nà àbùjá: Independence Day gùn tó ìṣẹ́jú 145, ìṣẹ́jú 145 náà ni àdàkọ rẹ̀ máa gbà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe púpọ̀ lójúmọ́ gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ púpọ̀, kó sì tún ní jẹnẹrétọ̀, torí bí iná bá lọ ní ìṣẹ́jú 140, àtìbẹ̀rẹ̀ ni. Kásẹ́ẹ̀tì òfìfo tí wọ́n ń pè ní E-180, tó ń gba wákàtí mẹ́ta, ló máa gbà á tán.

Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá da kásẹ́ẹ̀tì kọ ni àwòrán rẹ̀ ń ṣá. Ẹ̀dà ojúlówó mọ́lẹ̀, ẹ̀dà ti ẹ̀dà ṣú díẹ̀, ẹ̀dà ti ẹ̀dà ti ẹ̀dà á wá dà bí ẹni tó ń wòran láti ẹ̀yìn àwọ̀n ẹ̀fọn. Àwọ̀ pupa á ṣàn kúrò ní àyè rẹ̀, ohùn á máa há. Tí ìran tó wà nínú fíìmù bá wá jẹ́ ti òru, bí ogun inú ọkọ̀ àwọn àjèjì, òǹwòran á fi etí gbọ́ ju kó fojú rí lọ.

Ìṣòro mìíràn tún wà tí àwọn tó rìnrìn àjò mọ̀ dáadáa. Ètò tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà nígbà náà ni wọ́n ń pè ní NTSC, ti Nàìjíríà àti Ghana ni PAL. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá fi ojúlówó kásẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí láti New York lè kì í bọ inú ẹ̀rọ rẹ̀ kí àwòrán máa fò, tàbí kó di dúdú àti funfun. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù ẹ̀rọ fi máa ń kígbe “multi-system” kí wọ́n tó sọ iye tí wọ́n ń ta fídíò. Àbùkù yòówù kí ayédèrú Kano ní, ó kéré tán, ó ṣeé wò.

Ghana: àpò ìyẹ̀fun di pátákó ìpolówó

Ní Ghana, ohun tí kásẹ́ẹ̀tì dá sílẹ̀ lójú pópó kò sí ibòmíì tó ti rí bẹ́ẹ̀. Láti àwọn ọdún 1980, àwọn kan ra tẹlifíṣàn, ẹ̀rọ fídíò àti jẹnẹrétọ̀, wọ́n kó o sínú ọkọ̀, wọ́n sì ń gbé fíìmù kiri láti ìlú dé abúlé. Àwọn mìíràn tẹ́ bẹ́ǹṣì sínú yàrá, wọ́n gba owó lẹ́nu ọ̀nà, ibẹ̀ di ibi ìwòran.

Wọn ò ní pátákó ìpolówó láti Hollywood, torí náà wọ́n háyà àwọn ayàwòrán. Àpò ìyẹ̀fun tí àwọn alábúrẹ́dì ti lò tán ni wọ́n ń tú, tí wọ́n ń rán méjì pọ̀, tí wọ́n wá fi ọ̀dà ya àwòrán sí. Nígbà míì, ayàwòrán ò tíì wo fíìmù náà rí. Ẹ̀yìn páálí kásẹ́ẹ̀tì ni yóò wò, yóò fi àròjinlẹ̀ tirẹ̀ kún un. Bí orí mẹ́ta bá máa fa èrò ju orí kan lọ, orí mẹ́ta ni ẹ̀dá inú fíìmù máa ní. Èrò tó bá dé inú yàrá tí kò rí orí mẹ́ta lè bínú, ṣùgbọ́n ó ti sanwó.

Àwọn àpò yìí, tí wọ́n máa ń ká bí ẹní tí wọ́n sì ń tẹ́ sójú òjò àti oòrùn, ni àwọn olùkójọ iṣẹ́ ọnà láti Amẹ́ríkà àti Yúróòpù wá ń rà ní owó gidi. Ìwé ńlá kan nípa wọn, Extreme Canvas, jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2000. Nígbà yẹn, pátákó ìpolówó tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ayàwòrán náà.

Àwọn tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì òfìfo

Ẹni tó ń wo fíìmù ẹlòmíì lórí kásẹ́ẹ̀tì kò ní pẹ́ ronú pé òun náà lè ṣe tòun. Ní Ghana, William Akuffo fi kámẹ́rà fídíò ṣe Zinabu lọ́dún 1987. Ní Nàìjíríà, Kenneth Nnebue, oníṣòwò ẹ̀rọ àti kásẹ́ẹ̀tì, ló gbé owó Living in Bondage kalẹ̀ lọ́dún 1992. Èdè Igbo ni wọ́n fi ṣe é. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé kásẹ́ẹ̀tì òfìfo pọ̀ lọ́wọ́ Nnebue, ó sì rí i pé yóò yá tà bí nǹkan bá wà lórí rẹ̀. Ó ti gbówó sílẹ̀ fún fídíò èdè Yorùbá ṣáájú ìgbà náà, torí náà kì í ṣe ẹni tí oríire ṣèèṣì já lé lórí.

Sinimá ń kógbá sílé lásìkò yẹn. Náírà ti já lulẹ̀ lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ọdún 1986, ẹ̀rù àwọn adigunjalè kò jẹ́ kí èèyàn fẹ́ jáde lálẹ́, ọ̀pọ̀ ilé sinimá sì di ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ilé ìkẹ́rùsí. Kásẹ́ẹ̀tì ló bá àwọn èèyàn nílé. Ní Kano, Larkin rí i pé àwọn ọ̀nà tí wọ́n là fún àdàkọ fíìmù àwọn ará òkèèrè, ẹ̀rọ wọn, ṣọ́ọ̀bù wọn àti àwọn tó ń bá wọn gbé ọjà kiri, ni fíìmù Hausa gbà tàn kálẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti korò nìyí. Ẹni tó ń da fíìmù Will Smith kọ lè sọ pé ta lòun jà lólè? Iléeṣẹ́ tó ní i ti kọ̀yìn sí Nàìjíríà láti 1981, kò sì sí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ tí èèyàn lè lọ. Àwíjàre yẹn fẹsẹ̀ múlẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ àdàkọ ò mọ ọmọ onílẹ̀ yàtọ̀ sí àlejò. Nígbà tí òṣèré àti olùdarí Nàìjíríà yá owó ṣe fíìmù, ẹ̀rọ kan náà, nínú ọjà kan náà, ló ń da tiwọn kọ láàárín ọjọ́ díẹ̀ tó bá jáde. Fox ti pa owó rẹ̀ ní sinimá Amẹ́ríkà kí kásẹ́ẹ̀tì tó dé Dubai. Ẹni tó ṣe fíìmù ní Enugu tàbí Kano ò ní sinimá kankan tó ti kọ́kọ́ pawó fún un. Kásẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ohun tó ní.

Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ wà láti 1988, ìjọba sì dá ìgbìmọ̀ tó ń yẹ fíìmù àti fídíò wò sílẹ̀ lọ́dún 1993. Èyí kò dá àwọn tó ń da fíìmù kọ dúró.

Ọdún tí méjèèjì pàdé

Ọdún 2000 ni Independence Day jáde lórí DVD ní Amẹ́ríkà. Nàìjíríà gba ọ̀nà tirẹ̀: VCD, àwo pẹlẹbẹ tí kò wọ́n, ló lé kásẹ́ẹ̀tì kúrò lórí igbá. Àdàkọ rẹ̀ kì í ṣá bíi ti kásẹ́ẹ̀tì, kò sì gba ìṣẹ́jú 145 mọ́. Lọ́dún 2004, Silverbird ṣí sinimá ìgbàlódé ní Victoria Island, fíìmù Amẹ́ríkà sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹnu ọ̀nà wọlé.

Oṣù Kẹfà ọdún 2016, ogún ọdún lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, ni Emmerich gbé apá kejì jáde, Independence Day: Resurgence. Will Smith ò sí níbẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó ṣe nínú ìtàn ti kú. Mílíọ̀nù 165 dọ́là ni wọ́n ná, ó ju ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́ lọ, owó tó pa kò sì tó ìdajì ti àkọ́kọ́.

Ní ìparí oṣù tó tẹ̀ lé e, iléeṣẹ́ Funai ní Japan, tí wọ́n gbà pé òun ló kẹ́yìn nínú àwọn tó ṣì ń ṣe ẹ̀rọ fídíò VHS, dáwọ́ dúró. Ìgbà kan wà tó ń ta mílíọ̀nù 15 lọ́dún. Lọ́dún 2015, ẹgbẹ̀rún 750 ló tà, wọ́n sì ní àwọn èròjà tí àwọn fi ń ṣe é ti di ohun àwátì.